Wákàtí Kan Nínú Mẹ́fà: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Ẹ̀dà Àkójọ Ẹ̀sùn Tí Kò Bá Ojúlówó Mu ní Ìjẹ̀bú-Òde

Iléeṣẹ́ kékeré kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ló ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tó ń dáwó jọ káàkiri Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, láti Àgọ́-Ìwòyè títí dé Ìkẹ́nnẹ́ àti Ṣágámù. Orí fóònù ni akápò ẹgbẹ́ ti máa ń kọ iye tí ọmọ ẹgbẹ́ bá san. Ètò náà yóò fi í ránṣẹ́ sí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo wọn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣírò ẹni tó lè yáwó, iye tó lè yá àti èrè tó tọ́ sí i ní ìparí ọdún. Nígbà tí àbùkù bá yọ nínú ètò yìí, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ náà máa ń kọ ọ́ sí issue tracker wọn, ìyẹn àkójọ ẹ̀sùn, lórí GitHub, ìkànnì tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń tọ́jú iṣẹ́ wọn sí: wọn yóò fún ẹ̀sùn náà ní nọ́ńbà, wọn yóò máa kọ àlàyé sábẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, wọn yóò sì tì í nígbà tí àtúnṣe bá parí. Ẹ̀dà àkójọ ẹ̀sùn yìí, èyí tí wọ́n ń gbà wá sílé kí aṣojú AI (ètò ọgbọ́n àtọwọ́dá tó ń dáhùn ìbéèrè fún wọn) lè máa kà á, ni àkọsílẹ̀ yìí dá lé. Wọ́n ní kí n bá wọn wá ìdí tí aṣojú náà fi fún akápò kan ní ìmọ̀ràn tó mú owó ọmọ ẹgbẹ́ pòórá nínú ìwé, wọ́n sì gbà kí n kọ ohun tí a rí sílẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bí mi ò bá ti dárúkọ iléeṣẹ́, ẹgbẹ́ tàbí ènìyàn kankan.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún aṣojú AI náà kò díjú. Ọ̀dọ́bìnrin kan ló ń gba ìpè àwọn oníbàárà. Bí akápò bá pè é pé nǹkan kò lọ déédéé, yóò kọ ẹ̀sùn náà fún aṣojú, aṣojú yóò wo inú àkójọ bóyá ẹnìkan ti mú irú rẹ̀ wá rí, yóò sì sọ ohun tí àwọn oníṣẹ́ ti pinnu lé e lórí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, GitHub fúnra rẹ̀ ni aṣojú ń bi léèrè nígbà gbogbo, kò sì pẹ́ tí èyí fi di ìnira. GitHub fi ààlà sí iye ìbéèrè tí ènìyàn lè fi ránṣẹ́ sí API rẹ̀, ẹnu ọ̀nà tí ètò kọ̀ǹpútà mìíràn ń gbà bá a sọ̀rọ̀: 60 ní wákàtí kan fún ẹni tí kò fi ara rẹ̀ hàn, 5,000 fún ẹni tó lo àmì ìdánimọ̀, nígbà tí ti ìṣàwárí kò ju 30 lọ ní ìṣẹ́jú kan fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Aṣojú AI kì í wá nǹkan bí ènìyàn ṣe ń wá a; nítorí ìbéèrè kan ṣoṣo, ó lè ṣàwárí lọ́nà mẹ́wàá kó sì ṣí ogún ẹ̀sùn kà kó tó dáhùn. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá sì lọ, èyí tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú wa, aṣojú kò ní rí ohunkóhun kà.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi pinnu láti ní ẹ̀dà nílé. SQLite ni wọ́n lò, mo sì gbà pé wọ́n yàn dáadáa. Dátàbéèsì tí D. Richard Hipp bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000 yìí kò nílò sáfà tirẹ̀. Inú fáìlì kan ṣoṣo ni gbogbo àkójọ wà, ó sì ní ẹ̀ka ìṣàwárí tí wọ́n ń pè ní FTS5, tó lè wá ọ̀rọ̀ kiri inú ẹgbẹẹgbẹ̀rún àlàyé kíákíá. Bí a bá tan ìlànà WAL rẹ̀, aṣojú lè máa kà á lọ nígbà tí ètò mìíràn ń kọ nǹkan sínú rẹ̀, láìjẹ́ pé ọ̀kan dí èkejì lọ́wọ́. FTS5 tún máa ń yọ àmì ohùn kúrò lórí lẹ́tà nígbà ìṣàwárí, àyàfi bí ènìyàn bá sọ fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹni tó kọ “gbèsè” àti ẹni tó kọ “gbese” yóò rí èsì kan náà. Èyí wúlò gan-an fún àwọn ènìyàn tó ń fi Yorùbá kọ ẹ̀sùn lórí fóònù, tí ọ̀pọ̀ wọn kì í ráyè fi àmì sí ọ̀rọ̀.

Ètò kékeré kan, tí n óò máa pè ní adàkọ, ló ń gbé àkójọ náà wá láti GitHub. Aago mẹ́fà àárọ̀, méjìlá ọ̀sán, mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ àti méjìlá òru ló máa ń ṣiṣẹ́. Kì í kó gbogbo ẹ̀sùn wá ní gbogbo ìgbà, nítorí ìyẹn yóò jẹ́ ìfàkókòṣòfò. Ohun tó yí padà láti ìgbà tó ti wá kẹ́yìn ló máa ń béèrè. API GitHub ní ohun tí wọ́n ń pè ní “since” fún irú ìbéèrè yìí: bí a bá fún un ní àkókò kan, yóò kó gbogbo ẹ̀sùn tí ọwọ́ kàn láti àkókò náà wá. Nígbà tí adàkọ bá parí iṣẹ́, yóò kọ àkókò sílẹ̀, òun ni yóò sì fi bẹ̀rẹ̀ nígbà mìíràn. Orí àkókò tó ń kọ sílẹ̀ yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ̀sùn tó bí wàhálà náà jẹ́ ti owó tó ń wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lẹ́yìn tí fóònù akápò ti fi owó ránṣẹ́ ṣùgbọ́n tí kò tíì gbọ́ èsì, fóònù yóò tún un fi ránṣẹ́, sáfà yóò sì kọ ìlà méjì fún owó kan. Àwọn oníṣẹ́ kọ ọ̀nà àbáyọ onígbà díẹ̀ sábẹ́ ẹ̀sùn náà pé kí akápò pa ìlà kejì rẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe àtúnṣe gidi. Láti ìgbà náà, sáfà máa ń dá ìlà méjì tó jẹ́ ti owó kan náà mọ̀, á so wọ́n pọ̀, á sì ka ọ̀kan ṣoṣo mọ́ ìṣirò. Ìlà kejì ṣì ń hàn lójú fóònù kí akápò lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Níwọ̀n bí ìlà méjèèjì ti so pọ̀, ẹni tó bá pa ọ̀kan rẹ́ ti pa méjèèjì rẹ́ nìyẹn. Olórí àwọn oníṣẹ́ kọ èyí sílẹ̀ kedere, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba akápò nímọ̀ràn láti pa ìlà kankan rẹ́ mọ́, ó sì ti ẹ̀sùn náà. Aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú lọ́sàn-án ló kọ ọ́.

Iléyá ń sún mọ́lé nígbà náà. Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀bú-Òde mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ẹgbẹ́ tó ń dáwó, nítorí ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, àwọn regbéregbé á ti máa ra aṣọ ẹgbẹ́, ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù á sì ti máa parí owó tó kù lọ́rùn wọn kí wọ́n lè yá tuntun. Akápò kan, bàbá àgbàlagbà, pe ọ́fíìsì pé owó ìyá kan hàn lẹ́ẹ̀mejì lójú fóònù òun. Ọ̀dọ́bìnrin náà bi aṣojú AI. Aṣojú dáhùn pé àwọn oníṣẹ́ mọ̀ nípa ẹ̀sùn náà, pé ó ṣì wà ní ṣíṣí, àti pé kí akápò pa ìlà kejì rẹ́. Ọ̀dọ́bìnrin náà ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ pa ìlà kejì yẹn rẹ́, ohun gbogbo á tò.” Bàbá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì dúpẹ́.

Nígbà tí ẹgbẹ́ fẹ́ pín ẹ̀yáwó ni wọ́n rí i pé orúkọ ìyá náà kò sí lára àwọn tó ti san owó wọn pé. Ìyá mú káàdì rẹ̀ wá, owó náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìfọwọ́sí akápò. Bàbá tún pe ọ́fíìsì, ó ní, “Ọmọ mi, ohun tí ẹ̀yin ará ọ́fíìsì ní kí n ṣe ni mo ṣe o. Èmi ni mo gba owó yìí lọ́wọ́ wọn, kò sì sí nínú ìwé mọ́.” Sáfà máa ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo ìlà tí a bá pa rẹ́, nítorí náà owó náà padà sáyè rẹ̀, ìyá sì rí ẹ̀yáwó gbà. Síbẹ̀, mi ò ka ìṣẹ̀lẹ̀ yìí sí kékeré. Akápò tí wọ́n bá wò lójú ìfura nínú ẹgbẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ fún ọjọ́ kan, ti jìyà ohun tí dátàbéèsì kò lè dá padà fún un.

Èrò àkọ́kọ́ tó wá sọ́kàn gbogbo ènìyàn ní ọ́fíìsì ni pé AI ló purọ́. Ó yé mi ìdí tí wọ́n fi rò bẹ́ẹ̀, nítorí irú aṣojú bẹ́ẹ̀ lè hùmọ̀ ọ̀rọ̀ tí kò sí níbì kankan. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ náà ti ṣe ohun kan tó gbà wá lọ́wọ́ àríyànjiyàn: wọ́n ń tọ́jú ohun gbogbo tí aṣojú bá kà pọ̀ mọ́ èsì tó fún ni. A ṣí i. Ohun tó wà nínú ẹ̀dà ilé ni aṣojú sọ gẹ́lẹ́, kò fi kún un, kò yọ kúrò nínú rẹ̀. Ẹ̀sùn náà wà ní ṣíṣí nínú ẹ̀dà, àlàyé tó kẹ́yìn sábẹ́ rẹ̀ sì ni èyí tó ní kí wọ́n pa ìlà kejì rẹ́. Ká ní wọn kò tọ́jú ohun tí aṣojú kà ni, à bá ti máa yí àṣẹ tí a fún AI padà títí, àbùkù náà yóò sì wà níbi tó wà.

Ohun kejì tí a yẹ̀ wò ni bóyá adàkọ kì í mú ẹ̀sùn tí wọ́n ti tì wá rárá. Kò burú láti fura bẹ́ẹ̀, nítorí bí ènìyàn bá béèrè àkójọ ẹ̀sùn lọ́wọ́ API yìí láìsọ irú èyí tó fẹ́, àwọn tó ṣì wà ní ṣíṣí nìkan ni yóò fún un. Ẹni tó kọ adàkọ mọ èyí, ó sì ti béèrè fún gbogbo rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀sùn títì ló wà nínú ẹ̀dà ilé.

Nígbà náà la pinnu láti kó gbogbo àkójọ láti GitHub lọ́tun, kí a sì fi í wé ẹ̀dà ilé ní ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó yàtọ̀ kò pọ̀ rárá ní ìfiwéra pẹ̀lú gbogbo àkójọ, ṣùgbọ́n ohun kan náà ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn: lórí GitHub wọ́n ti tì wọ́n, nílé wọ́n ṣì wà ní ṣíṣí. A wá tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí wákàtí tí ìyípadà tí a pàdánù náà wáyé. Gbogbo rẹ̀ bọ́ sí àárín aago mẹ́fà sí méje àárọ̀, méjìlá sí kan ọ̀sán, àti mẹ́fà sí méje ìrọ̀lẹ́. Kò sí ẹyọ kan tó bọ́ sí aago mẹ́wàá tàbí mẹ́ta. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń já ló fa àdánù náà ni, kò ní máa mú wákàtí kan náà lójoojúmọ́. Ẹ̀bi náà ní láti jẹ́ ti aago.

Bí ó ṣe rí nìyí. GitHub máa ń kọ gbogbo àkókò rẹ̀ ní UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé, ó sì máa ń fi lẹ́tà Z, tó dúró fún UTC, parí rẹ̀. Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú UTC ní gbogbo ọdún, a kì í sún aago síwájú tàbí sẹ́yìn. Adàkọ, nígbà tó bá parí iṣẹ́ ní aago méjìlá ọ̀sán, máa ń wo aago kọ̀ǹpútà tó wà lórí rẹ̀, á kọ 12:00, á sì lẹ Z mọ́ ọn bí ẹni pé UTC ni. Ṣùgbọ́n 12:00 ní UTC jẹ́ aago kan ọ̀sán lọ́dọ̀ wa. Bí adàkọ bá padà wá ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ohun tó yí padà láti aago kan ni yóò béèrè, ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín aago méjìlá sí kan kò sì ní wá mọ́. Ó dà bí ẹni tó ń ka ìwé, tó sì ń fi àmì sí ojú ewé tí kò tíì kà kó tó pa ìwé náà dé. Wákàtí kan nínú mẹ́fà ló ń ṣòfò, ní tọ̀sán tòru, àfi pé ẹnikẹ́ni kì í ṣiṣẹ́ lẹ́yìn aago méjìlá òru, èyí ló jẹ́ kó dà bí ẹni pé wákàtí náà kò sí lára rẹ̀.

Àwọn ènìyàn bi mí pé báwo ni àbùkù tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ṣe fara pamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ohun tí mo sì rí nínú ìdáhùn rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù lójú mi nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Lákọ̀ọ́kọ́, orí sáfà kan lókè òkun ni wọ́n ti kọ adàkọ tí wọ́n sì ti dán an wò, aago sáfà náà sì wà lórí UTC, nítorí náà Z tó ń lẹ̀ mọ́ àkókò jẹ́ òótọ́ níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n gbé e wá sórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, tí aago rẹ̀ wà lórí Africa/Lagos, ló di irọ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí lẹ́tà kan padà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀sùn tí ọwọ́ ṣì ń kàn máa ń wo ara rẹ̀ sàn: bí adàkọ bá pàdánù àlàyé kan lónìí, tí ẹlòmíràn sì kọ àlàyé mìíràn lọ́la, gbogbo ẹ̀sùn náà ni yóò wá lápapọ̀, èyí tó sọnù yóò sì bá a wá. Ẹ̀sùn tí kò sí ẹni tó tún fọwọ́ kàn mọ́ nìkan ni àdánù rẹ̀ máa ń wà títí. Èwo wá ni ẹ̀sùn tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn mọ́? Èyí tí wọ́n ti tì ni. Títì ni ìṣẹ̀lẹ̀ tó kẹ́yìn nínú ayé ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn, àwọn òṣìṣẹ́ yìí sì máa ń ti ohun tí wọ́n ti ṣe láti àárọ̀ kí wọ́n tó lọ jẹun ọ̀sán. Nítorí náà, kì í ṣe ohun tó bá ṣáà ti rí ni ẹ̀dà ilé ń pàdánù. Ìpinnu ìkẹyìn ló ń pàdánù, èyí tí aṣojú AI nílò jù lọ, tó sì ń fi ìmọ̀ràn tí wọ́n ti fagi lé sílẹ̀ fún un.

Àtúnṣe aago kò gba àkókò. Adàkọ kò wo aago kọ̀ǹpútà kankan mọ́. Àkókò tó tóbi jù nínú àwọn ẹ̀sùn tí GitHub fúnra rẹ̀ kó wá ló ń kọ sílẹ̀, ó sì ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ padà sẹ́yìn nígbà tó bá tún fẹ́ béèrè. Bí ẹ̀sùn kan bá wá lẹ́ẹ̀mejì nítorí èyí, kò sí ewu, nítorí SQLite, láti ẹ̀yà 3.24 tó jáde ní ọdún 2018, lè fi tuntun rọ́pò èyí tó ní nọ́ńbà kan náà láìdá méjì sílẹ̀. Wọ́n tún ti so kíkọ ẹ̀sùn àti kíkọ àkókò pọ̀ nínú ìdúnàádúrà kan ṣoṣo nínú dátàbéèsì, kí ó lè jẹ́ pé bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, yálà méjèèjì wọlé tàbí kí méjèèjì má wọlé. Ohun kékeré mìíràn tí a bá pàdé ni pé GitHub máa ń kó pull request, ìyẹn àtúnṣe tí oníṣẹ́ kan dábàá, pọ̀ mọ́ ẹ̀sùn nínú àkójọ kan náà, aṣojú sì ń ka iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ sí ẹ̀sùn oníbàárà. Wọ́n ti yà wọ́n sọ́tọ̀.

Yíyí ojú ewé náà gba àròjinlẹ̀. API kì í fún ni ju ẹ̀sùn 100 lọ lẹ́ẹ̀kan, èyí tí wọ́n ń pè ní ojú ewé kan. Bí a bá ń béèrè ojú ewé kejì, ẹ̀kẹta, tí ẹnìkan sì fọwọ́ kan ẹ̀sùn kan tó wà lójú ewé àkọ́kọ́ lákòókò náà, ẹ̀sùn yẹn yóò sún lọ sí ìparí, nítorí àkókò tí ọwọ́ kàn wọ́n kẹ́yìn ni a fi ń tò wọ́n, gbogbo èyí tó kù yóò sì fi ọ̀kan sún síwájú, tí ọ̀kan yóò fi bọ́ láàárín ojú ewé méjì láìjẹ́ pé a kà á. Wọn kò ka ojú ewé mọ́ báyìí. Àkókò ẹ̀sùn tó kẹ́yìn nínú 100 ni wọ́n ń fi béèrè 100 tó tẹ̀ lé e.

Ohun tí “since” kò lè sọ fún ni láé ni ohun tí wọ́n ti pa rẹ́. Ohun tí kò sí mọ́ kò lè jáde nínú àkójọ ohun tó yí padà. Nítorí náà, lóru, adàkọ máa ń ka nọ́ńbà gbogbo ẹ̀sùn àti gbogbo àlàyé tó wà lórí GitHub, á sì fi wọ́n wé ti ilé. Fún àkójọ tó ní 3,000 ẹ̀sùn, ìbéèrè 30 ló máa ń gbà fún ẹ̀sùn nìkan, èyí kò sì jẹ́ nǹkan kan lára 5,000. Èyí tí kò bá sí lọ́hùn-ún mọ́ ni wọ́n ń fi àmì sí pé ó ti kúrò, aṣojú kò sì ní rí i mọ́. Webhook ni àwọn kan nínú wọn kọ́kọ́ fẹ́, kí GitHub fúnra rẹ̀ máa ránṣẹ́ nígbà tí nǹkan bá yí padà. Mo sọ fún wọn pé ó dára fún ìyára, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ òpó ilé: ó nílò sáfà tí ará ìta lè kàn sí nígbà gbogbo, bí ìránṣẹ́ kan kò bá sì dé, GitHub kì í tún un rán fúnra rẹ̀.

Síbẹ̀, bí adàkọ bá tilẹ̀ pé pérépéré, ẹ̀dà ilé yóò máa fi ìṣẹ́jú tàbí wákàtí díẹ̀ gbẹ́yìn ojúlówó. Ibí ni mo ti tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ jù lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀dà wà fún wíwá nǹkan; kò wà fún pípinnu lórí owó ẹlòmíràn. Nítorí náà, irinṣẹ́ méjì ni wọ́n gbé fún aṣojú báyìí, nípasẹ̀ MCP, ìlànà tí Anthropic gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2024 fún síso aṣojú AI pọ̀ mọ́ irinṣẹ́ àti dátà. Èkíní ń wá inú ẹ̀dà ilé, gbogbo èsì tó bá mú jáde sì ń sọ àkókò tí wọ́n dà á kọ kẹ́yìn. Èkejì ń lọ bá GitHub nítorí ẹ̀sùn kan ṣoṣo àti àwọn àlàyé abẹ́ rẹ̀. Ìmọ̀ràn èyíkéyìí tó bá ní kí ẹnìkan fi ọwọ́ kan ìwé owó gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ irinṣẹ́ kejì kọjá, ètò ló sì ń fi ipá mú èyí. Wọn kò fi sílẹ̀ fún ìfẹ́ inú aṣojú. Owó rẹ̀ kò tilẹ̀ wọ́n. GitHub máa ń fún èsì kọ̀ọ̀kan ní àmì kan tí wọ́n ń pè ní ETag. Bí a bá dá àmì náà padà nígbà tí a tún fẹ́ béèrè, tí nǹkan kò sì tíì yí padà, 304, tó túmọ̀ sí pé kò sí ìyípadà, ni yóò fi dáhùn, kò sì ní ka irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ mọ́ ààlà ẹni tó lo àmì ìdánimọ̀.

Mo tún rí i pé nọ́ńbà fóònù àti orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn. Nígbà tí a bá gbé àkójọ wá sílé, a ti gbé ìwọ̀nyí náà wá, òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 sì bo ẹ̀dà gẹ́gẹ́ bó ṣe bo ojúlówó. Wọ́n ti ń yọ nọ́ńbà fóònù kúrò kí adàkọ tó kọ nǹkan sílẹ̀. Bákan náà, ọ̀rọ̀ tí ará ìta bá kọ sínú ẹ̀sùn ń dé ọ̀dọ̀ aṣojú gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń kà nìkan, kò gbọ́dọ̀ di àṣẹ tí yóò tẹ̀ lé.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a kò fẹnu kò lé lórí kíákíá: kí ni aṣojú yóò ṣe nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ, tí irinṣẹ́ kejì kò sì lè dé ọ̀dọ̀ GitHub? Àwọn kan ní kó fún ni ní ìmọ̀ràn inú ẹ̀dà pẹ̀lú ìkìlọ̀. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń gba ìpè ló takò ó. Ó ní bí òun bá ti wà lórí fóònù pẹ̀lú bàbá tó ń yára, ìkìlọ̀ kò ní dé etí bàbá, ìmọ̀ràn nìkan ni yóò dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n gbà. Bí irinṣẹ́ kejì kò bá ṣiṣẹ́, aṣojú yóò sọ nọ́ńbà ẹ̀sùn tó jọ ọ́, yóò sọ ìgbà tí wọ́n dà á kọ kẹ́yìn, kò sì ní sọ ohunkóhun nípa ohun tó yẹ kí akápò ṣe. Oníṣẹ́ kan ni yóò pe akápò padà.